Protoc: irinṣẹ́ tó mọṣẹ́, àmọ́ ẹ ṣọ́ ẹ̀dà láíbìrì

Protoc ni irinṣẹ́ Protocol Buffers (protobuf), ọ̀nà tí Google ṣe láti to dátà kí ètò kan lè fi ránṣẹ́ sí òmíì. Ẹ gbé fáìlì .proto, tẹ́ ẹ fi ṣàpèjúwe dátà yín, fún protoc, á kọ kóòdù Python tàbí Java jáde fún yín kíá. Kò sí àbùkù níbẹ̀ rárá. Ẹ̀dà (version) láíbìrì protobuf, tí kóòdù náà gbára lé, ni wàhálà rẹ̀.

Kóòdù tí protoc tó ṣáájú 3.19.0 bá kọ kì í bá protobuf 4.21.0 ti Python ṣe. Gẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá ti import rẹ̀ ló máa pariwo pé "Descriptors cannot be created directly". Ojúlówó àtúnṣe ni kẹ́ ẹ fi protoc tuntun tún kóòdù náà kọ. Tó bá jẹ́ kóòdù ẹlòmíì, ẹ kọ protobuf==3.20.3 sínú requirements.txt, fáìlì tẹ́ ẹ to àwọn láíbìrì Python yín sí. Ẹ tún lè lo environment variable yìí, PROTOCOL_BUFFERS_PYTHON_IMPLEMENTATION=python, àmọ́ ìgbín yá jù ú lọ.

Nọ́ńbà ẹ̀dà protoc àti ti láíbìrì gan-an ń dani lọ́kàn rú: protoc 21 ló bá Python 4.21 àti Java 3.21 mu. (Ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?) Láíbìrì lè ga ju protoc tó kọ kóòdù lọ díẹ̀, protoc ni kò gbọdọ̀ ga ju láíbìrì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlẹ̀wó tàbí Pànṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín máa jó dátà. Kí ẹnì kan fi pip, irinṣẹ́ tó ń gba láíbìrì Python wálẹ̀, ṣe pip download -r requirements.txt -d wheels, kó kó fódà wheels náà sórí fláàṣì. Àwọn yòókù á lo pip install --no-index --find-links wheels -r requirements.txt. Kí ẹ̀dà Python yín ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà, Windows pẹ̀lú Windows.