Wiskí àgbá port: ká bomi sí i, àbí ká mu ún bẹ́ẹ̀?

Tí ẹ bá fẹ́ ra single malt (wiskí ọkà báálì láti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo) tí wọ́n fi gbó kẹ́yìn nínú àgbá port, wáìnì dídùn ilẹ̀ Pọ́túgà, ẹ kọ́kọ́ wo agbára ọtí (%) lára ìgò kí ẹ tó wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ṣì lè gba omi.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì láti Scotland. 46% ni Glenmorangie Quinta Ruban ọlọ́dún 14. Inú àgbá bourbon, wiskí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti kọ́kọ́ gbó kí wọ́n tó dà á sínú àgbá port láti ilẹ̀ Pọ́túgà. Balvenie PortWood ọlọ́dún 21 wọ́n gan-an jù ú lọ, ṣùgbọ́n 40% ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Òfin kò gba Scotch, ìyẹn wiskí ilẹ̀ Scotland, láyè kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ nínú ìgò, torí náà wọ́n ti bu gbogbo omi tó lè gbà sí i níléeṣẹ́.

Ife tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì há ni kí ẹ lò. Fún ọtí kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ife méjì, kí ẹ bu 30 ml sínú ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí kò lómi lẹ ó kọ́kọ́ tọ́ wò. Ẹ má ki imú bọ ife, kó má baà ta yín nímú. Ẹ gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì la ẹnu díẹ̀.

Láìlómi, Quinta Ruban ki lẹ́nu: ṣokoléètì dúdú, ọsàn àti míǹtì, kó tó wá gbẹ yín lérìgì nítorí igi àgbá. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fa omi 2.5 ml sínú ife kejì. Ó di nǹkan bíi 42.5%. Bí ọtí líle ṣe ń dín kù, àwọn èròjà tó ń ta sánsán ń gòkè wá sójú ife, èso port á sì hàn ketekete. Tí ẹ bá fi 2.5 ml mìíràn sí i, ó di bíi 39.4%, ibi tó dára láti dúró nìyẹn. Tí omi bá tó 10 ml, adùn á lọ, ìkorò igi nìkan ló máa kù.

Oyin àti èso àjàrà gbígbẹ ni Balvenie, ó sì rọ̀ lọ́fun láìlómi. Ẹ̀kán omi méjì tàbí mẹ́ta ti tó o. 2.5 ml péré á já a sí bíi 37%, á sì tẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn omi nínú wiskí, Quinta Ruban ni kó ra. Ọdún méje tí Balvenie fi jù ú lọ kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má lo omi ẹ̀rọ tó ń rùn kilorín, ẹ má sì fi yìnyín sí i, torí òtútù ń pa ìtasánsán. Tí Quinta Ruban bá ṣú díẹ̀ lẹ́yìn omi, kò bàjẹ́. Wọn kì í fi òtútù sẹ́ ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, ọ̀rá yìí ló ń mú un ṣú.