Àgbéyẹ̀wò switch oníhò 24: ọgbọ́n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á kí wọ́n tó tà á

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí ni òwúrọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe ìdánwò ìdánrawò lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá náà sì dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ìjọba kò lọ, kọ̀ǹpútà tí ìbéèrè wà lórí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, àfi àwọn iná wẹ́wẹ́ ojú switch tuntun náà, àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà wọ̀ tí í gbé ìsọfúnni láàárín wọn, tí wọ́n ń ṣẹ́jú papọ̀ láìsinmi. Ẹnì kan tí ó ń gbálẹ̀ ni ó rí orí wáyà tí ó ń fì lẹ́yìn tábìlì, tí ó sì kì í bọ ihò tí ó ṣófo, láìmọ̀ pé inú switch kan náà ni orí kejì wà. N kò bá a wí, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ra switch olówó gọbọi.

Ìsọfúnni tí switch ń gbé kiri kò ní òǹkà tí í pa á lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ti IP, ìlànà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń darí ìsọfúnni, ṣe ní, nítorí náà, bí ọ̀nà bá ti di òbìrípo, ìkéde tí kọ̀ǹpútà kan ṣe sí gbogbo ẹ̀rọ yóò máa yí po, òmíràn yóò sì máa kún un, títí àyè kò fi ní sí mọ́. Láti 1985 ni Radia Perlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti wá ojútùú sí èyí nípa Spanning Tree, èyí tí í jẹ́ kí switch rí òbìrípo kí ó sì dí ihò kan. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára páálí ẹ̀rọ yìí, àmọ́ pípa ni wọ́n pa á wá láti ilé iṣẹ́.

Arákùnrin tí ó gbé ìpè mi ní ilé ìtajà ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n tún un tàn. Mo ṣàlàyé pé mo ti yọ wáyà náà, pé ìdí tí switch kò fi gba ara rẹ̀ là ni mo ń bèèrè. Ó ní, “Ọ̀gá, ó lè jẹ́ pé iná yín ni kò dúró dáadáa.” Nígbà tí n kò gbà, ó ní kí n gbé e wá, kí n sì mú owó àyẹ̀wò dání!

Ní ìrọ̀lẹ́, arábìnrin kan pè mí padà láti ilé ìtajà kan náà: “Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà?” Ó ní kí n tan irú Spanning Tree tí ó yá, èyí tí ó jáde ní 2001, nítorí ti àtijọ́ lè fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 50 dá ọ̀nà dúró; ó sì ní kí n fi gbèdéke sí ìkéde ní ihò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n mọ̀ọ́mọ̀ ki wáyà yẹn padà. Àyà mi já, ṣùgbọ́n switch dí ihò kan, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan tí ó mì. N kò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rọ.

Ní ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá dojú kọ ihò kan ṣoṣo, switch ń to ìsọfúnni sínú ìrántí rẹ̀, yóò sì da èyí tí kò rí àyè nù. Ipò 8 ni a lè pín wọn sí, láti 0 dé 7, mo sì fi ìpè tẹlifóònù sókè. Síbẹ̀ ìpè ń já, nítorí pé flow control, ètò tí switch fi ń ní kí ẹ̀rọ tí ó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí i dúró díẹ̀, tí wọ́n tàn sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ń dá gbogbo ohun tí ó wà lórí wáyà dúró láìwo ipò ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó yẹ kí wọ́n tàn, wọ́n pa á; èyí tí ó yẹ kí wọ́n pa, wọ́n tàn án, ìwé ìlò kò sì sọ nǹkan kan nípa méjèèjì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó òmíràn fún yàrá àwọn olùkọ́.