Agolo ìpaná tó kọ̀ lóru: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún mi

Ọjọ́ tí iná mú ẹ̀yìn fíríìjì wa ni mo pinnu pé màá kọ èyí. Ẹ jẹ́ ká fo bí agolo náà ṣe rí. Gbogbo wa la mọ agolo pupa oníkílò 2 tí wọ́n rọ páúdà sí. Àwọn tó tà á fún mi, tí wọ́n tún gbà láti máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, ni mo bá wí.

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kéde èéfín, èyí tó wà lájà, figbe ta. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti rà á, mo sì yìn wọ́n fún un tọkàntọkàn, torí ẹni tó ti sùn kì í sábà gbóòórùn èéfín. Kí n tó dé ilé ìdáná, iná ti ń lá ògiri níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ike ń yọ́, ó ń kán tótó sílẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ sáré lọ pa súìṣì ńlá. Èmi gbé agolo, mo fa pín-ìnì rẹ̀ yọ, mo kọjú ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, mo tẹ̀ ẹ́. Fìn! Páúdà tí kò kún ọwọ́ ló jáde, ó tán. Mo tún tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi bó. Ìgbà tí mo wo géèjì ọrùn rẹ̀, tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ hàn, abẹ́rẹ́ ti sùn sórí pupa. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti buwọ́ lu káàdì tó so mọ́ ọn pé kò sí nǹkan tó ṣe é, kò sì tíì ju oṣù méjì lọ!

Aládùúgbò tó gbọ́ igbe wa ló gbé ti inú ọkọ̀ rẹ̀ wá. Agolo kílò 1 péré ni, kò lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 tó fi tán, àmọ́ ó pa iná náà. Ọlọ́run ló kó wa yọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú mà, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ yín ló fi ṣeré?" Mo ní rárá, òkè ni a gbé e kọ́. Ó gbé mi fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún gbé mi fún ẹnì kẹta, ẹnì kẹta dá mi padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin àkọ́kọ́, ó sì tún bi mí ní ìbéèrè ọmọ kan náà. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Ilé ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù!

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni bàbá àgbàlagbà kan láti ọ̀dọ̀ wọn kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ewu iná, ìyá wa. A ṣẹ̀ yín." Kò ṣàwáwí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi sípánà tú orí agolo, ó fi páúdà tó há sábẹ́ rọ́bà róbótó tó ń dí ẹnu rẹ̀ hàn mí. Ó ní, "Ṣé ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ rí?"

Àyà mi já. Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá yẹ̀ ẹ́ wò ló tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lójú mi, èéfín funfun yọ, ó ní, "Ẹ rí i mà, ó ń ṣiṣẹ́." Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá náà mi orí. Ó ní agolo páúdà tí wọ́n bá ti tẹ̀ báyìí, ì báà ṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un rọ ni, torí páúdà tó há sẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Géèjì là ń wò, lóṣooṣù. A kì í tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ṣí agolo nípò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù lọ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kí n má baà ní láti na ọwọ́ kọjá iná kí n tó mú un. Ó fi agolo òfìfo kọ́ wa: ilẹ̀kùn ní ẹ̀yìn yín, ẹnu agolo sí ìdí iná, ẹ máa gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó sọ fún àbíkẹ́yìn mi pé tirẹ̀ ni kó sá jáde, kó figbe ta.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n san owó àtúnrọ, bí ẹni pé èmi ni mo bà á jẹ́. Kò sí èyí tó bẹ̀ mí nínú àwọn mẹ́ta orí fóònù yẹn. Mo bèèrè bóyá wọ́n ti padà sí àwọn ilé yòókù tí ọmọkùnrin yẹn yẹ̀ wò. Wọn ò dá mi lóhùn.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5: ẹ̀rọ tó jí wa gba 2, bàbá yẹn gba 2. Ìdáhùn wọn lórí àwọn ilé yẹn ni mo ṣì ń retí.