Ìyẹ̀fun tó ti wú kò mọ ọlidé

Ó ti lé lọ́dún kan tí áàpù lífù yìí, tí a fi ń ṣètò ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa, ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá sọ èrò mi nípa òun, tí mo sì ń tì í dànù lójú fóònù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó dáa, èrò mi rèé. Alẹ́ ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje, 2025, ló fà á.

Ilé búrẹ́dì kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, tí a bá ka àwọn méjì tó ń tajà fún wa ní Iléṣà mọ́ wọn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ṣíìfù alẹ́ máa ń wọlé, kí búrẹ́dì lè gbóná dé Ọjà Ọba àti Ọjà Bísí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọjọ́ Àìkú ni ìròyìn ti dé pé Ààrẹ àná, Muhammadu Buhari, kú sí London. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, di ọlidé. Kò sí kàlẹ́ńdà tó lè rí irú ìyẹn tẹ́lẹ̀, mi ò sì bá áàpù jà lórí rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje alẹ́, láìbi mí, áàpù yìí kọ ọlidé náà sínú kàlẹ́ńdà wa, ó pa rósítà ọjọ́ kejì rẹ́, ó sì ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ pé ọ̀la ìsinmi ni, ẹnikẹ́ni kò níṣẹ́ láti ṣe, kí wọ́n máa gbádùn. Ó ya igi àgbọn sí i, ó ya oòrùn sí i. Lórí ọ̀rọ̀ òkú! Igi àgbọn!

Nínú àwọn mẹ́fà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́rin bọ́ épírọ́ọ̀nù wọn sílẹ̀, wọ́n ki ara wọn kú ọlidé, wọ́n sì bá ọ̀kadà lọ. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ọ̀fíìsì ló ní kí wọ́n máa lọ, orúkọ mi ló sì wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ tí áàpù jẹ́ fún wọn. Àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin ló ti wà nínú ọpọ́n nígbà náà, a ti pò ó, yíìsì ti wọ̀ ọ́.

Bàbá Ààrò ló pè mí. Fóònù oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń lò, áàpù kò rí wọn mú. Ẹnì kejì tó ṣẹ́ kù ni ọmọkùnrin kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti ìrọ̀lẹ́. "Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé a ti kógbá sílé ni? Àwọn ọmọ yìí ti lọ o." Ìró àti ṣálì ni mo fi kúrò nílé ní Àjílósun. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ìyẹ̀fun ti gun etí ọpọ́n, ó ń wò mí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì wú padà mọ́. Ẹni tó bá ń ṣe búrẹ́dì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ti ń kan fẹ́ẹ́rẹ́, bí ògì ọjọ́ kẹrin. Àwa mẹ́ta la gé e, tí a wọ̀n ọ́n, tí a ká a, tí a tò ó sínú páànù títí di aago mẹ́rin ààbọ̀. Láti ọdún 2011 ni mo ti kúrò nídìí ọpọ́n. Ọwọ́ mi rántí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò rántí. Àpò méjì la rí gbà là. Méjì yòókù, ọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lójú ọ̀nà Ìwòròkó ló wá kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Kí aago mẹ́fà tó lù, àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń pè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ọlidé ní kí ọmọ má jẹun ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù láàárín òru yẹn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn pé inú àwọn dùn pé mo kàn sí àwọn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di àárọ̀, èèyàn bọ́ sí i. Oníforíjì ni mo sọ ọ́, nítorí kò sí gbólóhùn tó kọ tí kò fi "ẹ foríjì wá" bẹ̀rẹ̀. Oníforíjì bi mí bóyá mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ wà. Oníforíjì ṣàlàyé fún mi pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi lọ́jọ́ ọlidé. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ilé búrẹ́dì, ilé ìwòsàn àti ilé epo kì í tì lọ́jọ́ ọlidé, a máa ń san ófàtáìmù fún ẹni tó bá wá. Ó fi ìwé àlàyé kan ránṣẹ́ sí mi, ojú ewé mọ́kànlá. Inú bí mi débi pé mo ya fọ́tò ọpọ́n ìyẹ̀fun tó ti ṣàn sílẹ̀ náà, mo fi ṣọwọ́ sí i kó lè rí ohun tí wọ́n fojú mi rí. Ṣé ẹ mọ èsì rẹ̀? Àwòrán ọkàn pupa. Ó rò pé mò ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn án ni.

Mo ti pinnu pé mo máa pa áàpù náà rẹ́ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n padà sídìí ìwé ńlá tí mò ń fi rúlà fa ìlà sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, fóònù mi dún. Ọmọbìnrin kan ni, ó ní òun ń pè láti Èkó, pé àwọn tó ni áàpù ló gba òun síṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìdààmú. Àpò mélòó ló bàjẹ́, mà?" Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Kò bi mí nípa nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, kò bi mí bóyá mo ti pa fóònù kí n sì tún un tàn. Mo ní méjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Há, mà." Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn o, mo ti to ọ̀rọ̀ jọ láti òru ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe ń pariwo mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè ìyẹ̀fun.

Ó bá mi jókòó lórí fóònù fún bí ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ó jọ pé bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn tí ọlidé kò ká lọ́wọ́ kò. Ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí, mo fẹ́ kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ wá ṣàlàyé fún mi lójúkojú. "Ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, mà. Ẹ ti kọjá rẹ̀. Ẹ padà sókè díẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn, mà, aláwọ̀ eérú tó tẹ̀ lé e." A tẹ̀ ẹ́ fún ṣíìfù alẹ́, a tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó ń wa ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọlidé bá dé lójijì, èmi ni áàpù ń kọ́kọ́ bi, kò ní bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ títí n ó fi dáhùn. Ó dá owó oṣù kan padà fún wa. Kò san owó ìyẹ̀fun, mo sì bèèrè.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbi tí inú mi ti rọ̀ yìí. Áàpù yìí mọ ọjọ́ kà. Nígbà Ìtunu Ààwẹ̀ ọdún 2024, ìjọba fún wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 oṣù Kẹrin. Oṣù kò lé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọdún bọ́ sí Ọjọ́rú, ìjọba sì fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Ká ní ìwé ńlá mi ni, n kò ní rántí pé àwọn mẹ́ta kan wà ní lífù lọ́sẹ̀ yẹn tí Ọjọ́bọ̀ ti di tiwọn padà. Áàpù rántí, ó dá ọjọ́ náà padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. (Nígbà yẹn, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo láàárín òru.) Ọ̀kan nínú wọn wọlé wá kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé gan-an, mà, Ọlọ́run á dá tiyín náà padà." Mo gba àdúrà náà. Mi ò sọ pé kì í ṣe èmi.

Àmọ́ ti oṣù Kẹfà ọdún 2025 ṣì ń dùn mí. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì 6, ìjọba fi ọjọ́ Ajé 9 kún un, June 12 sì tún wà níwájú lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń simi lópin ọ̀sẹ̀, tó wá gba lífù ọjọ́ mẹ́ta péré, ìyẹn 10, 11 àti 13, yóò fi ọjọ́ mẹ́wàá gbáko jókòó sílé. Áàpù fúnra rẹ̀ ló fi han gbogbo wọn, ó fi àwọ̀ ewé kùn ún kí ojú má baà fò ó. Àwọn mọ́kànlá ló tọrọ ọjọ́ mẹ́ta kan náà láàárín wákàtí kan. Mo ti sọ fún un pé èèyàn mẹ́rin ni mo lè fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ń fún. Àwọn ọmọdé tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn ló gbà á tán. Kò sí mùsùlùmí kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá Ààrò, tí wọ́n ti fẹnu sọ fún mi láti oṣù Kẹta pé àwọn máa lọ sílé ní Ìwó, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fíìsì mi, wọ́n bọ́ fìlà. "Ìyá Tọ́pẹ́, ta ló ni ọdún yìí gan-an?" Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ lọ sí Èkó ni mo bẹ̀ títí tó fi yọ̀ǹda tirẹ̀. Ọmọbìnrin Èkó yẹn ló wá fi hàn mí lẹ́yìn oṣù kan pé mo lè kọ́kọ́ fi ọjọ́ pamọ́ fún ẹnì kan kí n tó ṣí i fún àwọn yòókù. Bọ́tìnnì náà, inú ihò kan náà ló wà.

Àwọn nǹkan mìíràn: nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, ọlidé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tò sílẹ̀, ó sì fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní lífù ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ẹni tó bá ti ṣe oṣù méjìlá. Méjìlá làwa ń fún wọn. Kí n tó tún un ṣe, ìròyìn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti lọ káàkiri, àwọn méjì kò sì tíì dárí jì mí. Ó mọ Nàìjíríà, kò mọ ìpínlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tí ìjọba Ọ̀ṣun ń fún àwọn ará Iléṣà ní oṣù Kẹjọ, ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́. Ọwọ́ náà ni mo fi kọ Údírókò, ọdún ìbílẹ̀ Adó, nítorí kò sí bí ọmọ Adó ṣe máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Ewì, ọba wa, bá jáde. Ti Èkìtì fúnra rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu: 1 oṣù Kẹwàá, 1996, ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, ọjọ́ òmìnira ni, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ọlidé kan mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó ọdún 2026 sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ fẹ́ ra fóònù tuntun fún Bàbá Ààrò, wọ́n ní kí a gbé e fún ẹlòmíràn.