Òdòdó iwájú ilé ìyá mi lórí kánfáàsì: àgbéyẹ̀wò kíláàsì ọ̀dà ewé àti òdòdó kan ní Òṣogbo

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni ìyá mi pè mí lórí fóònù láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, àwọn òdòdó tí o yà fún mi ti lọ o." Mo kọ́kọ́ rò pé olè ló gbé àwòrán náà. Wọ́n ní rárá, àwòrán wà lára ògiri níbi tí a gbé e kọ́ sí, àmọ́ òdòdó inú rẹ̀ ni kò sí mọ́, àwọn ewé sì ti di àwọ̀ aró. Ọjọ́ kẹtàlélógún nìyẹn tí mo gbé àwòrán náà fún wọn fún àyájọ́ ọgọ́rin ọdún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí, mi ò sì ní fi ohunkóhun pamọ́ níbẹ̀, yálà dáadáa ni tàbí àìdáa.

Kíláàsì ọjọ́ méjì ni, wọ́n ń ṣe é nínú ọgbà kan ní Òṣogbo, mo sì san ₦45,000. Nínú owó yẹn ni kánfáàsì kan wà, àti búrọ́ọ̀ṣì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tó fà mí lọ síbẹ̀ ni gbólóhùn kan nínú ìpolówó wọn, pé kí oníkálukú mú òdòdó inú ọgbà tirẹ̀ wá, kí ó fi òdòdó gan-an ya òdòdó. Mo sùn sí ilé ìyá mi ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì já hibiscus pupa, bougainvillea àti marigold níwájú ilé wọn láì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo fi aṣọ tútù wé wọn, mo kó wọn sínú kúlà, mo sì wọ ọkọ̀.

N kò ní parọ́, ọjọ́ kìíní dùn mọ́ mi ju ohunkóhun tí mo ti fi owó kọ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ. A gún hibiscus nínú odó kékeré, a bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, a fi aṣọ sẹ́ ẹ, omi pupa tó dọ́gba pẹ̀lú ti sóbò sì jáde. Ṣọ́ọ̀kì àti gúlúù ni wọ́n fi kun ojú kánfáàsì ṣáájú, nítorí pé èyí tí wọ́n fi ọ̀dà ilé iṣẹ́ kùn kì í mu omi òdòdó. Ńṣe ló máa ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì mi bọ omi pupa náà, mo fà á lójú kánfáàsì, mo yíjú láti tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi náà, kí n tó yíjú padà, pupa náà ti di àwọ̀ àlùkò, ó sì ń yí lọ sí aró níṣojú mi. Mo pariwo. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sórí ìlà náà, ó hó wẹ́wẹ́ bíi ẹnu ọmọ tó ń tutọ́, pupa sì padà wá. Ó ṣàlàyé pé ohun kíkan máa ń mú hibiscus pọ́n, pé ṣọ́ọ̀kì, omi eérú àti kán-ún sì máa ń sọ ọ́ di aró tàbí àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe lè rí àwọ̀ mẹ́ta nínú òdòdó kan ṣoṣo.

Wọ́n tún kọ́ wa bí a ṣe ń sọ omi òdòdó di lẹ́búlẹ́bú ọ̀dà. A yọ́ álọ́ọ̀mù sínú omi marigold, a wá ń bu omi kán-ún sí i díẹ̀díẹ̀. Ó hó sókè, ó fẹ́ẹ̀ kún àwo, nígbà tó sì rọlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ti ya ara rẹ̀ kúrò lára omi, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ bíi ògì. A sẹ́ ẹ, a sá a, a lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a sì fi oje igi akéṣíà (gum arabic) tó ń ti Òkè Ọya wá pò ó, pẹ̀lú kànáfùrù díẹ̀ kí ó má baà bu. Olùkọ́ náà mọṣẹ́, ó ní sùúrù, kò sì sí ìbéèrè tí ó dá padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fún wa ń já irun sínú iṣẹ́, oúnjẹ ọ̀sán sì pẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ̀dùn ọkàn mi.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni ìbéèrè tí mo bi í ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lójú èèyàn mẹ́jọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọ̀ yìí yóò pẹ́? Ìyá mi ni mo fẹ́ gbé e fún." Ó dáhùn pé, "Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, yóò pẹ́, mà." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ oòrùn, kò sẹ́ni tó dárúkọ fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé hibiscus tí mo gbé láti Ìbàdàn wá kò ní rí oṣù kan lójú ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi pè, mo pe ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀dà àdánidá ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo ní bí ó bá jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n sọ fún wa? Ó bi mí bóyá inú oòrùn ni màmá gbé e kọ́ sí. Mo ní inú pálọ̀ ni. Ó ní ṣé pálọ̀ náà ní fèrèsé. Ta ló ń kọ́ pálọ̀ tí kò ní fèrèsé? Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i, mà, fèrèsé yẹn ló fà á," ó wá ṣèlérí pé ọ̀gá yóò pè mí padà. Ọ̀gá kò pè. Mo pè ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi ìwé ìtọ́jú kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí a má ṣe gbé àwòrán síbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti lè kàn án. Mo pe mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ ṣe kíláàsì; kò sí ọ̀kan tó rí ìwé náà rí. Ohun tó bí mi nínú jùlọ nìyẹn, pé wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀bi náà ka ìyá mi lórí, arúgbó tí kò ṣe ju kí ó gbé ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ síbi tí gbogbo àlejò ti lè rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé àwòrán náà, mo sì padà sí Òṣogbo. Ọ̀gá kò tíì dé. Ìyá àgbà kan ló gbà mí lálejò, àwọn tí wọ́n máa ń wo ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Aláró. Ní ọjọ́ méjì kíláàsì, wọn kò bá wa sọ ju kí á kú iṣẹ́ lọ. Wọ́n tú àwòrán mi, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n fi ìka tọ́ ògiri ilé tí mo yà sínú rẹ̀ tó ṣì pọ́n dáadáa, wọ́n ní, "Ilẹ̀ pupa nìyí. Èyí kò lọ." Wọ́n tọ́ ewé tó ti di aró. "Àtalẹ̀ pupa lẹ fi pò mọ́ aró kí ó lè di ewé. Àtalẹ̀ ti sá, aró kù." Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì fi pákó kan hàn mí.

Pẹ́lẹ́bẹ́ kánfáàsì mọ́kànlá ni wọ́n kàn mọ́ pákó náà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń pa. Páálí dúdú bo ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi bírò kọ orúkọ ewé tàbí òdòdó àti ọjọ́ sí ìdí rẹ̀. Oṣù Kẹta ni wọ́n kọ síbẹ̀, oṣù méje ṣáájú kíláàsì mi. Wọ́n ṣí páálí ti hibiscus: lábẹ́ rẹ̀ ni pupa, níta rẹ̀ ni nǹkan tó jọ omi tíì tó dànù sórí aṣọ. Bougainvillea àti èso amúnútutù kò fi ohunkóhun sílẹ̀ rárá. Marigold alálọ́ọ̀mù ti ṣá díẹ̀. Ní ti aró, n kò rí ìyàtọ̀ láàárín èyí tí a bò àti èyí tí a kò bò. Ẹ̀rí náà wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ìrìn ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí mo jókòó sí tí mo ń béèrè bóyá yóò pẹ́.

Ó yẹ kí inú tún bí mi sí i, ó sì kọ́kọ́ bí mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Aláró jókòó tì mí, wọ́n sì kọ́ mi ní ohun tí owó mi kò rà. Wọ́n ní oòrùn ló ń tú àwọ̀ òdòdó ká, bí ó ṣe ń tú ti aṣọ. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń tún un kùn lọ́dọọdún, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá ó pẹ́. Ẹni tó bá wá ń ta ohun tí èèyàn yóò gbé kọ́ títí láé ní láti sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi ìgbákọ bu ìfófò tó ń léfòó lórí ìkòkò aró, tí wọ́n ń sá a, tí ó ń di lẹ́búlẹ́bú aró tó ń dán bíi ìyẹ́ ìgún bí a bá fi èékánná rá a. Èlú tútù kò ní aró kankan lójú. Àfi kí a gún un, kí a sá a, kí a rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ díẹ̀, kí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i.

Nígbà tí ọ̀gá dé, tí ó rí mi àti pákó náà, kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Aláró, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo bẹ̀rù pé bí mo bá gbé pákó yìí síwájú, kò sẹ́ni tí yóò san owó mọ́." Ó tún sọ pé kì í ṣe èmi nìkan: nínú àwọn àwòrán òdòdó tí wọ́n yà ní Netherlands ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn, ewé ti di aró nínú ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi bò ó ti ṣá lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, nítorí pé ẹni tó mọ èyí ló jẹ́ kí n gbé òdòdó wá láti Ìbàdàn láì sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní kánfáàsì míràn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní kí n jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú bí mo bá fẹ́.

Mo jókòó. Ilẹ̀ pupa ni mo fi kun òdòdó lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìfófò aró àti marigold alálọ́ọ̀mù kun ewé, Ìyá Aláró sì dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ pé kí n má fi omi pọ̀. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo gbé méjèèjì lọ fún ìyá mi. Wọ́n yin tuntun náà, wọ́n ní kí n gbé e sí yàrá, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n kó èyí tó ṣá lọ. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Wọ́n tọ́ka sí ìta, sí àwọn igi hibiscus tí eruku bò, tí òdòdó wọn ti rẹ̀ dànù, wọ́n ní, "Ṣé bí ó ṣe rí nìyí?" Wọ́n dá a padà sára ògiri kan náà.

Bí ẹ bá lọ, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ní Ìyá Aláró lẹ fẹ́ kí. Ẹ fi àtalẹ̀ pupa sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo tún débẹ̀ láti sanwó kíláàsì oṣù Kẹta fún èmi àti ọmọ mi obìnrin, pákó náà kò tíì kúrò lẹ́yìn ilé, wọn kò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ oòrùn sínú ìpolówó wọn. Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5.