Rọ́tà Méjì, Àdírẹ́sì Kan: Ohun tí Ojú Mi Rí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Bí kì í bá ṣe ìdánwò ìgbáradì JAMB tí ó dàrú mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú pálọ̀ mi, n kì bá tí kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ilé mi ní Ìjàpọ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó fẹ́ wọ yunifásítì, láptọ́ọ̀pù sì ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti ṣe é ní gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìdánwò ti wọra dáadáa, ilé pa lọ́lọ́, ni ọmọ tí ó ń ràn mí lọ́wọ́ bá tan pirítà láti tẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kíá, láptọ́ọ̀pù ọmọbìnrin tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé já kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn náà fi ń já níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó kó ìdààmú bá mi jù ni pé àmì WiFi kún dẹ́dẹ́ lójú gbogbo ẹ̀rọ, síbẹ̀ kò sí ojú ewé kan tí ó ṣí. Ìyá ọmọ kan tí ó wá mú ọmọ rẹ̀ bá wa nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin mà, àbí ẹ ò tíì san owó dátà ni?”

Mo ti san án. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi kì í gba ìdajì owó, wọn kì í sì í dúró de ọjọ́ kejì. Áńtẹ́nà wọn wà lórí òrùlé mi, wáyà sì ti ibẹ̀ wọlé sínú rọ́tà, ẹ̀rọ tí ń pín WiFi, tí ó wà ní pálọ̀. Kí n tó bínú jìnnà, ó yẹ kí n sọ pé fún ìgbà pípẹ́ ni iṣẹ́ wọn fi tẹ́ mi lọ́rùn, tí mo tilẹ̀ ń júwe wọn fún àwọn aládùúgbò. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n bá mi mú WiFi dé yàrá ẹ̀yìn ilé ni nǹkan yí padà. Òṣìṣẹ́ kan gbé rọ́tà kejì wá, ó fa wáyà láti ara ti àkọ́kọ́ lọ sí i, ó fún un ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, ó ní kí n buwọ́ lùwé, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì mi ti ń ṣe ségesège.

Ẹ má bi mí léèrè bí mo ti bá àwọn tí ń gba ìpè sọ̀rọ̀ tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé fóònù, gbólóhùn kan náà ni: “Ẹ pa á, mà, kí ẹ tún tàn án.” Màá pa á, màá tún tàn án, yóò ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún padà sí ìwà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òjò ló fà á, nígbà tí oòrùn ń ta mí lórí ní ìta gbangba. Òmíràn béèrè bóyá mo ní microwave. Òótọ́ ni pé microwave máa ń da WiFi 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí WiFi ń lò, láàmú, nítorí pé ìgbì kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni, èmi sì rèé, orí gáàsì ni mo ti ń gbọ́bẹ̀ mi kaná. Mo sọ fún wọn pé iná íntánẹ́ẹ̀tì ara rọ́tà kì í yí kúrò ní àwọ̀ ewé, tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí ń ti orí òrùlé bọ̀ kò ní wàhálà. Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ inú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ni mo bá gba ọ́fíìsì wọn lọ. Obìnrin tí ó wà nídìí tábìlì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní omi tútù. Ọ̀gá rẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan tí kò gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀, ní àwọn ẹ̀rọ inú ilé mi ti pọ̀ ju ètò tí mo ń san owó rẹ̀ lọ, kí n lọ sórí ètò ńlá. Mo san owó ètò ńlá lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo délé, kò sí ohun tí ó yí padà ju iye owó tí ó kù sí àpò mi lọ.

Ìgbà tí mo fárí gá pé kí wọ́n wá tú áńtẹ́nà wọn kúrò lórí òrùlé mi ni wọ́n tó rán ọmọbìnrin kan tí ó gbé báàgì kọ́rùn wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: “Mọ́mì, rọ́tà mélòó ló wà nínú ilé yìí? Ta ló gbé ìkejì wá? Kí lẹ máa ń tàn kí ó tó já?” Nínú gbogbo àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀, òun nìkan ni ó béèrè èyí tí ó gbẹ̀yìn. Mo sọ ọ̀rọ̀ pirítà fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó, ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tẹ arp -a, àṣẹ tí ń fi àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ inú ilé hàn, ó sì pè mí kí n wá wò ó.

Ó fi hàn mí pé àdírẹ́sì 192.168.1.1, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá rọ́tà mọ̀, ni gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ń wá kí ó tó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ sára rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì náà. Nígbà tí ó tún un tẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àdírẹ́sì kò yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti di òmíràn. Ó dojú àwọn rọ́tà méjèèjì délẹ̀, a sì rí i pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀kan nínú wọn. Rọ́tà méjì ń jẹ́ àdírẹ́sì kan! Ẹ̀rọ tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ti pálọ̀ yóò rí ọ̀nà jáde. Èyí tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ti ẹ̀yìn kò ní rí, nítorí pé kò sí áńtẹ́nà lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ìjà kejì tún wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi DHCP sílẹ̀ ní títàn lára wọn, ìyẹn iṣẹ́ pínpín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ, bí onílé méjì tí wọ́n ń fi yàrá kan náà háyà fún èèyàn méjì. Pirítà mi ti ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí kì í yí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà ní pípa, rọ́tà ẹ̀yìn a gbé àdírẹ́sì náà fún láptọ́ọ̀pù ẹlòmíràn. Bí pirítà bá ti jí báyìí, ìjà dé.

Iṣẹ́ tí ó ṣe kò gba àsìkò rárá. Ó pa DHCP lára rọ́tà ẹ̀yìn, ó sọ àdírẹ́sì rẹ̀ di 192.168.1.2, ó sì rí i dájú pé ihò LAN, èyí tí ó wà fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé, ni wáyà wọ̀ ní ìhà méjèèjì. Ó ní kí rọ́tà pálọ̀ máa pín àdírẹ́sì láti 192.168.1.100 sí 192.168.1.199, ó fi pirítà sí 192.168.1.20 níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi fún ẹlòmíràn mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi fóònù rẹ̀ wo WiFi àdúgbò. Ìkànnì 6, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a pín ìgbì 2.4 GHz sí, ni àwọn rọ́tà mi méjèèjì àti ti ọ̀pọ̀ aládùúgbò kóra jọ sí, àwọn tèmi sì tún fẹ àyè ìgbì tiwọn dé 40 MHz. Ó ṣàlàyé pé MHz 5 péré ló wà láàárín ìkànnì kan sí èkejì lórí 2.4 GHz, bẹ́ẹ̀ WiFi kan ń gba nǹkan bí 20, ìdí nìyí tí 1, 6 àti 11 fi jẹ́ àwọn tí kì í gun ara wọn. Ó fi pálọ̀ sí 1, ó fi ẹ̀yìn sí 11, ó dín àyè kù sí 20 MHz, ó ní kí àwọn láptọ́ọ̀pù pálọ̀ máa lo 5 GHz, nítorí pé 5 GHz yá ju 2.4 GHz lọ, àmọ́ kì í la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dáadáa. A tan pirítà. Kò sí èyí tí ó já.

Inú mi dùn débi pé mo di iyán fún un nínú kúlà. N kò tíì rí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ṣàlàyé fún oníbàárà láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyẹn, ó sì kọ gbogbo nọ́ńbà tí ó yí padà sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rọ́tà.

Nígbà tí ó lọ tán ni mo rántí owó mi. Mo pè wọ́n pé, bí ó ti jẹ́ pé ẹni tiwọn ni ó gbé rọ́tà kejì sílẹ̀ láìtún un ṣe, kí wọ́n dá àlékún owó ètò ńlá padà. Wọ́n ní owó tí ó bá ti wọlé kò ṣeé dá padà, pé mo lè padà sórí ètò kékeré nígbà tí oṣù bá parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn: inú wọn dùn pé “ìṣòro yín” ti yanjú. Ìṣòro ta ni?

Máàkì tí mo fún wọn ni 4 nínú 5. Ẹyọ kan tí mo yọ jẹ́ ti owó mi tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà ni màá wá fi kún un.