Ẹ̀wà oníkóńgò àbí àpò àjọrà?

Kóńgò kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò rọrùn fẹ́ni tówó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n èrè alágbàtà wà nínú gbogbo ẹ̀.

Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ, kí wọ́n gbé odidi àpò ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn lásìkò ìkórè, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n pín. Kòkòrò ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹ sá ẹ̀wà náà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, kẹ́ ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí ò bá rí atẹ́gùn á kú. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ra ẹja àti ẹyin fáwọn ọmọ.